Bí mo ṣe fún Ìjàpá mi ní iná plọ́ọ̀gì tó lágbára, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é láìjó kọ́ìlì

Mọ́tò mi ò fẹ́ràn òjò. Tó bá ti rọ̀ mọ́jú báyìí, mà á yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì á fi fẹ́ẹ̀ kú, tó bá wá gbáná tán á máa mísì bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, láti Òkè-Àdó títí mà á fi dé Mọ́kọ́lá. Volkswagen Ìjàpá ni o, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Òjó, ọ̀nà Badagry, ní 1975. Rẹ́wáyà tó ń bá mi tún un ṣe ò ní ju oògùn kan lọ, pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin méjì tó ń pàdé tó sì ń là kí iná lè yìn, pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́ńsà, kapásítọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó dọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Ìgbà tó yá mo bínú, mo jókòó ti nǹkan yìí, mo kà nípa ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lórí tábìlì kí n tó fọwọ́ kan mọ́tò. Kọ́ìlì méjì, ìyẹn ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún plọ́ọ̀gì, ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́, iná sì gbá mi lẹ́ẹ̀kan tí mo sọ súkúdíráfà nù, ìyẹn náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ́ńjìnì epo bẹntiróòlù tó ṣì ń lo dìsìtíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, àti kọ́ńtáàtì ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ìjàpá, Peugeot 504 oní-kabúrétọ̀, Datsun àtijọ́, àwọn ẹbí wọn. Tí tiyín bá ti ní kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣe mọ́tò ti ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má sì retí iṣẹ́ ìyanu. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 làwọn èèyàn ti ń ta oríṣiríṣi páńda fún wa pé ó ń dín epo kù. Iná tó lágbára ò lè sọ lítà kan di méjì. Ohun tó lè ṣe ò ju pé kó má jẹ́ kí epo tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ gba sálẹ́ńsà jáde láìjó, kí ẹ́ńjìnì sì gbáná láàárọ̀ kùtù. Èmi, ìyẹn tó mi.

KÍ LÓ Ń JẸ́ AGBÁRA INÁ GAN-AN

Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló gbé ètò yìí kalẹ̀ fún Cadillac, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọgbọ́n ẹ̀ náà la ṣì ń lò. Wáyà méjì ló wà nínú kọ́ìlì, tí wọ́n wé mọ́ irin kan náà. Ọ̀kan nípọn, iye ìgbà tí wọ́n wé e ò pọ̀, èkejì tín-ín-rín bí irun, iye ìgbà tí wọ́n wé e tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Tí kọ́ńtáàtì bá pàdé, iná 12 fóltì á máa wọ wáyà tó nípọn, ṣùgbọ́n kò ní wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ìlì lágídí, díẹ̀díẹ̀ ni kọ́rẹ́ǹtì máa ń gòkè nínú ẹ̀. Tí kọ́ńtáàtì bá wá là lójijì, gbogbo ohun tó ti kó jọ á fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, fóltì á fò dé 300 sí 400 nínú wáyà tó nípọn, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nínú wáyà tín-ín-rín, ó di 30,000 lọ sókè. Ìyẹn ló ń fò lórí plọ́ọ̀gì.

Ẹ rántí rọ́bà kànnàkànnà tá a fi ń lé ẹyẹ ní kékeré. Bẹ́ ẹ bá fa rọ́bà yẹn jìnnà ní ìlọ́po méjì, òkò ò kàn ní lágbára ní ìlọ́po méjì, mẹ́rin ni. Bí kọ́ìlì ṣe rí nìyẹn. Agbára tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ ìdajì L lọ́nà I lọ́nà I, L ni agídí kọ́ìlì, I sì ni kọ́rẹ́ǹtì ní ìṣẹ́jú tí kọ́ńtáàtì là. Kọ́ìlì mi tí mo wọ̀n jẹ́ nǹkan bíi 6 mH (mìlíhẹ́ńrì, ìwọ̀n agídí yẹn). Tí kọ́rẹ́ǹtì bá dé 4 áńpì, agbára ẹ̀ jẹ́ 48 mJ (mìlíjúùlù, ìwọ̀n agbára). Tó bá jẹ́ 2 áńpì péré, 12 mJ ló kù. Kọ́rẹ́ǹtì dín kù ní ìdajì, agbára dín kù sí ìdá mẹ́rin.

Ẹ wá wo àárọ̀ òjò mi. Kọ́ìlì Ìjàpá ní bíi 3.4 ọ́ọ̀mù. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì á wà ní 14 fóltì, ẹ pín 14 sí 3.4, ó jẹ́ 4.1 áńpì. Nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnì tútù, bátìrì lè já bọ́ sí 9.5, kọ́ńtáàtì tó ti jó díẹ̀ á tún jẹ fóltì kan nínú ẹ̀, ẹ ò ní rí ju 2.5 áńpì lọ. Ìgbà tá a nílò iná jù lọ gan-an ló máa ń kéré jù, nítorí epo tútù ò tíì dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ àti epo bá pé, tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, 0.2 sí 0.3 mJ ti tó láti tan wọ́n, ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnì kì í ṣe ibi tí nǹkan ti ń dúró jẹ́ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní 30 mJ sókè.

Kọ́ńtáàtì fúnra ẹ̀ sì ni ìdènà. Bẹ́ ẹ bá ní kó gbé ju bíi 4 áńpì lọ, á jó. Nítorí náà gbogbo ọ̀nà tó lọ sí iná tó lágbára, ibì kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gba ẹrù wúwo lórí kọ́ńtáàtì, kó máa ṣe iṣẹ́ asọ̀rọ̀ nìkan, kí nǹkan míì máa gbé kọ́rẹ́ǹtì. Ohun tí General Motors ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé HEI, ètò iná plọ́ọ̀gì wọn tó lágbára, jáde ní nǹkan bíi 1974 sí 1975, wọ́n yọ kọ́ńtáàtì kúrò pátápátá.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú: ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi àwọ̀ iná tó ń fò níta dájọ́. Mo ti rí ẹni tó ń fi iná búlúù gígùn yangàn, tó wọnú ẹ́ńjìnì tán tí kò ṣe nǹkan kan. Níta, afẹ́fẹ́ ò fún pọ̀. Nínú sílíńdà tí písítìnì ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fún ní bíi ìlọ́po mẹ́wàá, ó ń ṣòro fún iná láti fò níbẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó wà nínú kọ́ìlì ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ìyẹn ò ní parọ́ fún yín.

OHUN TẸ́ Ẹ MÁA RÀ

IGBT, tràǹsísítọ̀ alágbára tó ń tan kọ́rẹ́ǹtì ńlá tó sì ń pa á, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìgínísọ̀n (iná plọ́ọ̀gì), èmi lo ISL9V3040, ó ń gba 400 fóltì kó tó dáàbò bo ara ẹ̀, ẹ má lo tràǹsísítọ̀ lásán torí 400 fóltì yẹn á pa á lọ́jọ́ kìíní. Tràǹsísítọ̀ kékeré BC337 kan. Rẹsísítọ̀ 100 ọ́ọ̀mù oní 5 wáàtì, 4.7k (4,700 ọ́ọ̀mù) kan, 1k (1,000 ọ́ọ̀mù) kan, síńà 8.2 fóltì, ìyẹn dáódù tí kì í jẹ́ kí fóltì kọjá iye yẹn. Rẹsísítọ̀ 0.1 ọ́ọ̀mù oní 5 wáàtì fún ìwọ̀n. Hítísíǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò) alumíníọ̀mù tó tó àtẹ́lẹwọ́, pépà máíkà àti rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń ya síkúrù sọ́tọ̀. Fíúsì 10 áńpì. Ẹ bá mi fi síkóòpù kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sójú gíláàsì, kún un, DSO138 tí wọ́n ń tà pé kẹ́ ẹ tò fúnra yín ti tó, kò wọ́n. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì ẹ̀rọ ẹ máa rí gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n IGBT ayédèrú pọ̀, ọ̀kan tí mo rà lọ́jà kan gba ẹ̀mí ara ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ ra mẹ́ta.

Kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì àtijọ́ kan ni kẹ́ ẹ fi máa ṣe ti orí tábìlì, ẹ má tú ti mọ́tò yín.

ORÍ TÁBÌLÌ LẸ TI MÁA BẸ̀RẸ̀

Ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìrànwọ́ ọkàn sí láyà, kó má sún mọ́ iṣẹ́ yìí rárá. Kẹ́ẹ̀gì epo ò gbọ́dọ̀ wà nítòsí, òórùn ẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ wà. Ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ máa lò tí iná bá wà nínú ẹ̀, èkejì á wà nínú àpò. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọ́ìlì yìn láìsí ibi tí iná á gbà jáde, torí tí kò bá rí ọ̀nà níta, á fi inú kọ́ìlì ṣe ọ̀nà, á lu ìbòrí ẹ̀, kọ́ìlì lọ nìyẹn. Bí èkíní tèmi ṣe kú gan-an nìyẹn. Ẹ so plọ́ọ̀gì mọ́ orí ẹ̀, kẹ́ ẹ so ara plọ́ọ̀gì mọ́ ẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wáyà tó dáa.

Bí a ṣe máa so ó rèé. Láti 12 fóltì tó ń gba kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ gba rẹsísítọ̀ 100 ọ́ọ̀mù dé orí kọ́ńtáàtì, ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì kejì ti wà ní ẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ní báyìí 0.14 áńpì péré ló ń gba orí ẹ̀ kọjá, ó tó láti máa fọ ojú ẹ̀ kó má dọ̀tí, kò tó láti jó o. Láti orí kọ́ńtáàtì yẹn kan náà, ẹ gba 4.7k lọ sí béèsì BC337, ẹ́mítà ẹ̀ lọ sí ẹ́ẹ̀tì, kọlẹ́kítọ̀ ẹ̀ lọ sí géètì IGBT (orúkọ ẹsẹ̀ wọn nìyẹn: béèsì tàbí géètì ló ń gba àṣẹ, kọ́rẹ́ǹtì á gba kọlẹ́kítọ̀ wọlé, á gba ẹ́mítà jáde). Láti 12 fóltì, ẹ gba 1k wá sí géètì yẹn, kẹ́ ẹ fi síńà 8.2 sáàárín géètì àti ẹ́ẹ̀tì torí géètì ò fẹ́ ju 10 fóltì lọ. Kọlẹ́kítọ̀ IGBT lọ sí kọ́ìlì, ẹnu tí wọ́n kọ 1 sí lára kọ́ìlì Bosch. Ẹnu tí wọ́n kọ 15 sí gba 12 fóltì. Ẹ́mítà IGBT gba inú 0.1 ọ́ọ̀mù lọ sí ẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín wò. Kọ́ńtáàtì pàdé, fóltì orí ẹ̀ di òdo, BC337 sùn, 1k gbé géètì sókè, IGBT ṣí, kọ́ìlì ń kún. Kọ́ńtáàtì là, fóltì fò sókè, BC337 jí, ó fa géètì wálẹ̀, IGBT tì, iná yìn. Bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, èèyàn míì ló kàn ń gbé ẹrù.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe jù rèé: ẹ̀yìn IGBT, irin tí síkúrù ń wọ̀ yẹn, kọlẹ́kítọ̀ ni. 400 fóltì ń lù lórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá yìn. Tẹ́ ẹ bá dè é mọ́ ara mọ́tò láìsí máíkà, kọ́ìlì á máa gba iná láìdúró, á gbóná títí á fi bà jẹ́, fíúsì 10 áńpì ò sì ní já torí bíi 4 áńpì péré ló ń kọjá. Tẹ́ ẹ bá sì fi máíkà sí i tẹ́ ẹ gbàgbé rọ́bà síkúrù, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fi iná sí i, kò gbọ́dọ̀ dún rárá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìn ín lórí tábìlì, ẹ fi dìsìtíríbútọ̀ àtijọ́ sínú fáìsì kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ yí i. Mo fi dírílì yí tèmi, ó dáa jù, ó ń fún mi ní ìyára tó dọ́gba.

Ó yá, síkóòpù. Ẹ gbé ẹnu ẹ̀ lé orí 0.1 ọ́ọ̀mù yẹn, 0.1 fóltì tẹ́ ẹ bá rí túmọ̀ sí 1 áńpì. Ẹ máa rí ìlà tó ń gòkè bí òkè Mápó, tó sì já lulẹ̀ ní ìgbà tí iná yìn. Ìrísí ìlà yẹn ló ní gbogbo ọ̀rọ̀ nínú. Tó bá gòkè, tó wá ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀, rẹsísítáǹsì wáyà ló ti dá a dúró, kò sí àǹfààní kankan nínú kẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i, ooru nìkan ló kù. Tó bá ń gòkè bọ̀ tó wá dédé gbéra sókè ṣánṣán, irin inú kọ́ìlì ti yó nìyẹn, kò lè gba agbára mọ́, kọ́rẹ́ǹtì tẹ́ ẹ bá fi kún un ègbé ni. Ẹ wá wo apá ìbẹ̀rẹ̀ tó gún régé: tí kọ́rẹ́ǹtì dé 0.5 áńpì ní 0.25 mìlísẹ́kọ́ǹdù (mìlísẹ́kọ́ǹdù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) pẹ̀lú 12 fóltì, L jẹ́ 12 lọ́nà 0.00025, ẹ pín in sí 0.5, ó jẹ́ 0.006, ìyẹn 6 mH. Bí mo ṣe mọ tèmi nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fo ibí yìí kọjá, èmi ò mọ bó ṣe máa mọ̀ bóyá iná òun lágbára tàbí kò lágbára, àfi kó máa wo àwọ̀.

Ó WỌ MỌ́TÒ

Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń dé tí omi ò ń dé, ní Ìjàpá èmi dè é mọ́ ògiri apá òsì inú ilé ẹ́ńjìnì, ó jìnnà sí sálẹ́ńsà. Ẹ yọ wáyà tó ti dìsìtíríbútọ̀ wá sí ẹnu 1 kọ́ìlì, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ yín. Ẹ ṣọ́ra ní ẹnu 15 o, torí wáyà ṣóòkù aládàáṣe àti ti fáàfù kékeré ara kabúrétọ̀ wà níbẹ̀ náà, ẹ má bá wọn jà. Ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yín kó lọ sí ara ẹ́ńjìnì gangan, ẹ ha ibẹ̀ kó funfun kẹ́ ẹ tó dè é.

Kọ̀ǹdẹ́ńsà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Èmi fi tèmi sílẹ̀, torí pẹ̀lú 100 ọ́ọ̀mù tó wà níwájú ẹ̀, ìdádúró tó ń fà ò tó ìdajì dígírì kódà ní 3,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gba ariwo kúrò. Ìdí kejì mà á sọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí ara igun mẹ́rin tó ń ti kọ́ńtáàtì. Ní báyìí tí ojú kọ́ńtáàtì ò jó mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń fara gbo ọ̀pá ló kù tó lè jẹ, bó bá sì ṣe ń jẹ ni àlàfo ń kéré, tí táímìǹ, ìyẹn àsìkò tí iná ń yìn, náà ń falẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì, 0.4 mm.

Ẹ gbáná. Ó gbọ́dọ̀ gbáná bíi ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní bíi ti tẹ́lẹ̀ o! Òótọ́ tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í sọ rèé: tẹ́ ẹ bá fi IGBT sí kọ́ìlì àtijọ́, agbára iná ò lé sí i. Ó lè dín tíńtín pàápàá, torí IGBT fúnra ẹ̀ ń jẹ bíi fóltì kan ààbọ̀ tí kọ́ńtáàtì tuntun kì í jẹ. Èrè tẹ́ ẹ jẹ ni pé bó ṣe rí lónìí ló máa rí lọ́dún tó ń bọ̀, àti pé gbígé ẹ̀ mú ṣáṣá, kò sí sísun lórí kọ́ńtáàtì mọ́. Fún ẹlòmíì ìyẹn ti tó, kó pa mọ́tò dé, kó lọ sùn. Ẹ fi í rìn fún oṣù kan ná kẹ́ ẹ tó lọ síwájú, mo bẹ̀ yín.

KỌ́ÌLÌ TUNTUN, ÀTI ÌṢÒRO TÓ BÁ A WÁ

Kí iná tó lè lágbára lóòótọ́, ẹ nílò kọ́ìlì tí rẹsísítáǹsì ẹ̀ kéré, kí kọ́rẹ́ǹtì lè gòkè kíá, kó sì ga. Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Kọ́ńtáàtì Ìjàpá máa ń pàdé fún bíi dígírì 50 nínú 90. Ní 850 yíyí, iná kan sí èkejì jẹ́ 35 mìlísẹ́kọ́ǹdù, kọ́ńtáàtì á pàdé fún bíi 19 nínú ẹ̀. Kọ́ìlì tí 4 mìlísẹ́kọ́ǹdù tó láti kún, ẹ fi 19 bọ́ ọ! Á gbóná títí á fi tú epo inú ẹ̀ jáde. Kọ́ìlì mi kejì nìyẹn, òórùn ẹ̀ ò kúrò nínú gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tún wo apá kejì, ní 4,500 yíyí, iná kan sí èkejì ò ju 6.7 lọ, kọ́ńtáàtì á pàdé fún 3.7 péré. Ó pọ̀ jù nísàlẹ̀, kò tó lókè.

Torí náà ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ máa ka àkókò. Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo lò, kọ́ìlì tí mo lò sì ni èyí tí wọ́n ń yọ lára ẹ́ńjìnì V8 ọkọ̀ Silverado àti Tahoe tòkunbọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní D585, ó ní hítísíǹkì lẹ́yìn. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé IGBT ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, ó ní ààbò tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ kó kún jù, ẹnu ẹ̀ sì gba wáyà plọ́ọ̀gì lásán. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní: A jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, kó lọ sára ẹ́ńjìnì pẹ̀lú wáyà tó nípọn, B jẹ́ ẹ́ẹ̀tì ti àmì, kó lọ sí Arduino, C ni àmì 5 fóltì, D ni 12 fóltì. Àmì gòkè, ó ń kún, àmì já lulẹ̀, ó yìn.

Iṣẹ́ tí Arduino máa ṣe ò pọ̀. Fóltì orí kọ́ńtáàtì gba inú 10k wá sí ẹsẹ̀ 2, pẹ̀lú síńà 5.1 fóltì tó ń ṣọ́ ọ. Tí kọ́ńtáàtì bá là, lójú ẹsẹ̀ kó já àmì lulẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò kankan ṣáájú ìyẹn. Lẹ́yìn náà kó wo iye àkókò tó kọjá láti ìgbà tí kọ́ńtáàtì là gbẹ̀yìn, kó yọ 4 mìlísẹ́kọ́ǹdù kúrò nínú ẹ̀, ohun tó bá kù ni kó dúró kó tó gbé àmì sókè padà. Ká ní 20 ni, kó dúró fún 16, kó wá kún fún 4 tó gbẹ̀yìn. Kó má dá kọ́ńtáàtì lóhùn fún 3 mìlísẹ́kọ́ǹdù lẹ́yìn tó bá ti là, torí ó máa ń jó fò nígbà tó bá ń padà pàdé. Tí sítátà bá ń yí i, tí ìyára ò tíì tó 500, ẹ jẹ́ kó kún fún 8 dípò 4. Ibẹ̀ gan-an ni oògùn àárọ̀ òjò wà: bátìrì rẹlẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì ń falẹ̀ gòkè, a wá fún un ní àkókò sí i kó lè dé ibi tó yẹ kó dé. Kọ́ìlì àtijọ́ ò lè ṣe ìyẹn láéláé, torí rẹsísítáǹsì ẹ̀ ló dá a dúró, kì í ṣe àkókò.

Tí àmì bá ti wà lókè fún 20 mìlísẹ́kọ́ǹdù tí kọ́ńtáàtì ò là, kó já a lulẹ̀. Ìyẹn lè yìn iná kan síbi tí kò yẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pa ẹ́ńjìnì, ó sàn ju kí kọ́ìlì máa gbóná lọ.

Ariwo iná lè ya Arduino ní wèrè. Ẹ fi í sínú páànù tí ẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀, ẹ fi kapásítọ̀ ńlá sí ẹnu iná ẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo plọ́ọ̀gì tó ní rẹsísítọ̀ nínú. Fún Ìjàpá, dípò NGK B6HS ẹ ra BR6HS, R yẹn ni rẹsísítọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá ìdí tí ẹ́ńjìnì fi ń kú lójijì, kó tó di pé mo rí i pé R kan péré ló fà á.

PLỌ́Ọ̀GÌ ÀTI ÌDÉRÍ DÌSÌTÍRÍBÚTỌ̀

Àlàfo plọ́ọ̀gì Ìjàpá jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm. Iná tó lágbára lè fò jù bẹ́ẹ̀, àlàfo tó fẹ̀ sì ń jẹ́ kí iná kan epo púpọ̀ sí i. Ẹ lọ sí 0.8, ẹ fi rìn, ẹ lọ sí 0.9. Mo dúró níbẹ̀. General Motors (GM) fúnra wọn lọ dé 1.5 mm nígbà HEI àkọ́kọ́, wọ́n padà wá sí bíi 1.1 lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì wọn, torí bí àlàfo bá ṣe ń fẹ̀ ni fóltì tó nílò ń ga, bó bá sì ga jù, iná á wá ọ̀nà míì: inú ìdérí, inú rótọ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹ̀, ara wáyà tó ti gbó. Ẹ ra ìdérí àti rótọ̀ tuntun, kẹ́ ẹ nù ún mọ́ kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín nínú ìdérí bí ipa kòkòrò, ẹ sọ ọ́ nù, fífọ̀ ò lè wò ó sàn. Lálẹ́ ẹ ṣí ilé ẹ́ńjìnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n wáyà, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí iná tó ń ta pátápátá, ibẹ̀ ni iná yín ń gbà lọ.

Táímìǹ: ẹ lo iná atọ́kùn tí wọ́n fi ń wò ó, ẹ má fi etí gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ dìsìtíríbútọ̀ Bosch 009 ni, dígírì 28 sí 32 kí písítìnì tó dé òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ju 3,000 lọ. Tí tiyín bá ní ọ̀pá fákúùmù, ìwé mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan fi kún un torí iná ẹ̀ ti lágbára, ìdàkejì ló yẹ, ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tu lára bíi ti Ìjàpá, táímìǹ tó yá jù á lu písítìnì ẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀NÀ MÍÌ TÍ Ẹ MÁA GBỌ́ NÍPA Ẹ̀

CDI, èyí tó wà lára ọ̀kadà, ó ń kó 300 sí 400 fóltì sínú kapásítọ̀, á wá dà á sínú kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. 1 µF ní 400 fóltì jẹ́ 80 mJ. Ó yára gan-an, ó dáa fún plọ́ọ̀gì tí ọ́ìlì ti bò, ṣùgbọ́n iná ẹ̀ kì í pẹ́, kò tó ìdá márùn-ún ti kọ́ìlì lásán, epo tí kò pọ̀ lè má gbá a mú. Kapásítọ̀ yẹn á sì gbá yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa kọ́kọ́rọ́. Plásímà tí wọ́n ń fi dáódù àti kapásítọ̀ kejì ṣe, tó ń dún pòò bí ìbọn, mo ṣe é lórí tábìlì, ó wuni wò, ó jẹ ẹnu plọ́ọ̀gì tán ní wákàtí díẹ̀. Fún ìran ni. Bajaj tí wọ́n fi plọ́ọ̀gì méjì sí sílíńdà kan lórí Pulsar, ìyẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè lu ihò kejì sórí Ìjàpá lójú títì.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ rìn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé hítísíǹkì kọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá láìgbé ọwọ́ kúrò, ó dáa. Tẹ́ ẹ bá já ọwọ́ gbà ní ẹ̀ta, ẹ dín 4 mìlísẹ́kọ́ǹdù yẹn sí 3.5.

Ìdí kejì tí mo fi fi kọ̀ǹdẹ́ńsà sílẹ̀ nìyí o. Kọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà ní àyè ẹ̀ nínú mọ́tò mi, tí mo bá sì dá a padà sórí kọ́ńtáàtì, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí kọ̀ǹdẹ́ńsà, mo fi wáyà aláwọ̀ pupa sàmì sí ẹnu 1 àti 15 ẹ̀, súkúdíráfà sì wà lábẹ́ ìjókòó. Lọ́jọ́ tí Arduino bá kú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mà á yọ wáyà méjì, mà á so méjì, mà á gbé wáyà àárín ìdérí padà sórí kọ́ìlì àtijọ́, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mà á máa bá tèmi lọ.